Pápá Ṣéènì àti Ọ̀pá Méjìlélógún

Ìsìnkú bàbá àgbà mi ku ọ̀la nígbà tí mo dé orí ilẹ̀ rẹ̀ ní Ekiadolor, mo sì bá àwọn agbẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ sàréè dé orúnkún. Àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Bàbá mi ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀, ó sì dúró tì wọ́n pẹ̀lú agboòrùn bíi ẹ̀ṣọ́ ilé ìfowópamọ́.

Mo ní, "Dádì, orí Ọ̀pá Méjìlélógún lẹ ń gbẹ́ yìí o."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Kí n tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ihò náà já sí, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí a fẹ́ tẹ́ sínú rẹ̀. Ìwé ìsìnkú pè é ní Olóyè. Títí di òní, mi ò tíì rí ẹni tó lè sọ oyè tó jẹ fún mi. Ní Iyaro, ní Bìní, tí a ń gbé, Pápá Ṣéènì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Lẹ́nu àwọn aládùúgbò wa, "pápá" yẹn, baba ni. Lédè tiwa, ibi tí a ti ń ṣeré ni. Kò sí èyí tí kò bá a mu.

Iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ló gbé e wá sí Bìní láti Ọ̀wọ̀. Òun kọ́ ni wọnlẹ̀wọnlẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń fa ṣéènì ìwọnlẹ̀ ni. Ọ̀gá á fojú kan sínú awò, á na ìka, bàbá àgbà mi á sì fa ṣéènì irin wọ inú igbó, níbi tí èsìsì àti ejò ti ń dúró dè é. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi fà á. Nígbà tí ẹ̀rọ ìgbàlódé dé ọ́fíìsì wọn, wọ́n ju ṣéènì àtijọ́ sẹ́yìnkùlé, ó sì gbé e wálé nínú àpò ìrẹsì. Màmá, ìyá àgbà mi, tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, máa ń sọ fún àlejò pé nǹkan mẹ́ta ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun: àpótí, pó, àti orogún.

Kò sí ohun tí kò fẹ́ wọ̀n. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìsìn, àwọn alàgbà méjì ń fi ilé tí wọ́n kọ́ sí ìlú wọn ṣe fáàrí. Ti èkíní gùn láti ibí dé títì. Ti èkejì gùn láti ibí dé ọjà. Bàbá àgbà mi gbọ́ wọn tán, ó sì fi ìrẹ̀lẹ̀ bi wọ́n bóyá kí òun gbé ṣéènì, kí gbogbo wọn jọ lọ lọ́jọ́ Sátidé. Kíá ni àwọn alàgbà rántí pé òjò ti ṣú. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó ní, "Déọlá, ààlà kì í purọ́. Ẹni tó dúró lórí rẹ̀ ló ń purọ́."

Èmi ni mo fa wàhálà kríkẹ́ẹ̀tì, eré òyìnbó tí wọ́n ti ń fi báàtì gbá bọ́ọ̀lù kúrò níwájú igi mẹ́ta. Mo wà ní yunifásítì nígbà náà, mo gbọ́n ju gbogbo ayé lọ, mo sì fún un ní fóònù mi àtijọ́ kí ó lè máa gbọ́ ìwàásù. Kò tíì gbọ́ ìwàásù ọjọ́ mẹ́ta tí fóònù náà fi gbé fídíò kan wá fún un láìbéèrè: pápá kríkẹ́ẹ̀tì kan ní Íńdíà, èyí tó tóbi jù lọ láyé. Àga inú rẹ̀ lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà. Wọn kò gbé iná rẹ̀ sórí òpó gíga. Etí òrùlé ni wọ́n tò ó sí yíká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Láàárín rẹ̀, ibi mọ́kànlá ni wọ́n tẹ́ tí a ti lè ju bọ́ọ̀lù, òmíràn ilẹ̀ pupa, òmíràn ilẹ̀ dúdú. Bàbá àgbà mi ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ òfuurufú. Àfi ìgbà tí ẹni tó ń ṣàlàyé sọ pé láti igi mẹ́ta apá ibí dé igi mẹ́ta apá ọ̀hún, ọ̀pá méjìlélógún ni.

Ó dá fídíò dúró. Ó ní kí n tún un gbé. Mo tún un gbé. Ó dìde, ó wọ yàrá, a sì gbọ́ bí irin ṣe ń dún lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ rí lè má mọ̀ pé ṣéènì wọn àtijọ́, bí a bá nà án tán, ọ̀pá méjìlélógún géérégé ni, irú ọ̀pá tí àwọn aláṣọ fi ń wọn aṣọ. Kò lé, kò dín. Ó na tirẹ̀ láti ilé ìdáná wá sí pálọ̀, ó gba orí ẹsẹ̀ Màmá kọjá, ó jáde sí fàrándà, ó ré gọ́tà kọjá, orí ṣéènì sì lọ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ságié, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ka ìwé ìròyìn níwájú ilé tirẹ̀. Ọmọ Bìní ni ọkùnrin náà. Láti ọdún méje ni òun àti bàbá àgbà mi ti ń jà lórí gọ́tà yẹn.

"Papa Chain," ó ní, "na who you wan tie?"

"Nobody. Na cricket."

Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ságié ká ìwé ìròyìn rẹ̀. Ó ti gbá kríkẹ́ẹ̀tì nílé ẹ̀kọ́ girama, kò sì sí ẹni tó bi í nípa rẹ̀ rí láti ìgbà náà. "You don play cricket before?"

"Thirty years," ni bàbá àgbà mi wí, tó ń wo ṣéènì náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọmọ rẹ̀. "I dey carry am for bush for thirty years. I no know."

Bí ìjà gọ́tà ṣe parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó tún gọ́tà náà ṣe títí di òní.

Ó ní kí n tẹ àwòrán pápá Íńdíà náà sórí bébà ńlá, ó sì gbé e kọ́ sáàárín fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ àti kàlẹ́ńdà ìjọ. Àlejò tó bá dé, ó gbọ́dọ̀ kí i. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ púpọ̀. Mo bi í pé kí ni ènìyàn tó ń gbé Iyaro, tí kò lọ sí Íńdíà rí, tí kò fọwọ́ kan báàtì rí, ní í ṣe pẹ̀lú pápá ọ̀kẹ́ mẹ́fà. Kò bínú. Ó ní, "Ọ̀kẹ́ mẹ́fà yẹn ló ń dẹ́rù bà ọ́. Wọ̀n ọ́n wò. Ọ̀pá méjìlélógún ni ikùn rẹ̀. Èyí tó kù, àga ni."

Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò fi mọ síbẹ̀. Ó ti rí i pé ilẹ̀ pupa wà láàárín pápá náà. Ilẹ̀ pupa! Kí ló tún kù tí Bìní ní jùyẹn lọ? Ó pinnu pé kí ìjọba kọ́ tiwa, ọ̀kẹ́ méje, kí ó fi ọ̀kẹ́ kan ju ti Íńdíà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tó ń gbé Bìní, níbi tó jẹ́ èèwọ̀ láti sọ èdè òyìnbó títí ìpàdé á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó wá orúkọ kríkẹ́ẹ̀tì nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ìwé náà sì sọ fún un láìfọ̀rọ̀ pamọ́ pé ìrẹ̀ ni.

Ó dìde, ó tún fìlà ṣe. "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dábàá pé kí a kọ̀wé sí ìjọba, kí wọ́n kọ́ pápá ìrẹ̀ ńlá kan síbí, tí yóò gba ọ̀kẹ́ méje."

Ìyá Fúnkẹ́, tó ń ta epo pupa, kọ́kọ́ rí ohùn. "Bàbá, ìrẹ̀ wo? Èyí tí à ń sun jẹ léwe?"

"Ìrẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ti ìgbàlódé."

"Ọ̀kẹ́ méje ìrẹ̀! Ta ni yóò máa bọ́ wọn?"

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì dìde, ó ní kí a má fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, pé òun ti kà á níbì kan pé àwọn òyìnbó ti ń lọ ìrẹ̀ ní ìyẹ̀fun, pé ọjọ́ iwájú ayé nìyẹn. Àwọn tó kàwé mi orí. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún lórí oúnjẹ ìrẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ṣì wà. Ó ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Bàbá àgbà mi mọ̀ pé wọn kò gbọ́ òun yé, ṣùgbọ́n wọ́n ti pàtẹ́wọ́, ojú sì ń tì í láti dá wọn dúró. Nígbà tó délé, ó ní, "Kò sí ohun tí ìpàdé wa kò lè fọwọ́ sí, bí a kò bá ṣáà ti mọ ohun tó jẹ́."

Nígbà tí ìjọba kò fèsì, ó gbé ṣéènì lọ sí orí ilẹ̀ rẹ̀ ní Ekiadolor. Ilẹ̀ yìí ló di ìjà ẹbí wa. Púlọ́ọ̀tì kan péré ni, ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà níbùú àti lóròó. Àbúrò bàbá mi, Àǹtí Búnmi, tó jẹ́ ọ̀gá ní báńkì kan, fẹ́ kọ́ họ́ọ̀lù àpèjẹ síbẹ̀. Ó ti ya àwòrán họ́ọ̀lù náà, òkun kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú àwòrán, òkun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ní Ekiadolor. Bàbá àgbà mi ní kò séwu, kí ó gbé òkun náà dé kí àwọn tó sọ̀rọ̀ họ́ọ̀lù.

Ó na ṣéènì sáàárín, ó gbin igi mẹ́ta síhìn-ín, igi mẹ́ta sọ́hùn-ún, ó sì rọ kọnkéré sínú dúrọ́ọ̀mù, ó fi ń yí ilẹ̀ pupa náà mọ́lẹ̀ títí ó fi le bí àwo. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún ló ṣẹ́kù lórí, mẹ́tàdínlógún ló ṣẹ́kù nídìí. Ẹni tó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, inú oko ẹ̀gẹ́ aládùúgbò ni yóò ti máa sáré bọ̀. Ìjọ kékeré kan tó ń fi tapólì ṣe òrùlé wà lápá ọ̀tún. Bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ síbẹ̀ láìkanlẹ̀, àmì mẹ́fà ni, wọ́n sì máa ń gbàdúrà sí i kí wọ́n tó jù ú padà.

Àwa ọmọ-ọmọ ni òṣèré, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ságié ni olùkọ́. Bàbá àgbà mi kò di báàtì mú lẹ́ẹ̀kan. Adájọ́ ni, nínú kóòtù funfun tí dókítà kan ti lò gbó. Òfin rẹ̀ sì le: Yorùbá nìkan. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ní Bìní, à ń gbọ́ Yorùbá, òyìnbó tàbí pijin la fi ń dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ yẹn, ó pàdánù àmì kan. Púpọ̀ nínú Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí, ẹ̀rù pé kí wọ́n má yọ àmì mi ló kó o sí mi lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló ń túmọ̀ àwọn orúkọ òyìnbó inú eré náà: ẹni tó jáde láìrí àmì kankan, pẹ́pẹ́yẹ ni. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ gba bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀-dínà. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò fi rí àmì kan, àwọn òyìnbó ń pè é ní wúńdíá. Òun náà pè é bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ ìjọ tapólì wá bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ le, torí pé àwọn ìyá ìjọ ti gbọ́ tó ń pariwo pé, "Wúńdíá mẹ́ta ni Ọ̀ságié ti fún wa lónìí!"

Ibi kan sì wà nínú eré yìí tí ènìyàn ti ń dúró síwájú ẹni tó di báàtì mú, ó sún mọ́ ọn débi pé ó lè gbọ́ bí ikùn rẹ̀ ṣe ń kùn. Àwọn òyìnbó fúnra wọn ló sọ ibẹ̀ ní ibi òmùgọ̀. Nígbà tí Àǹtí Búnmi mú Ọ̀gbẹ́ni Táyọ̀ wá fojú han ẹbí, ẹnjiníà tó wọ bàtà tó ń dán, bàbá àgbà mi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó mú un rìn dé ibẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, àna wa. Ẹ̀yin, ẹ dúró níbi òmùgọ̀."

Àǹtí pariwo. "Bàbá! Ẹ̀ ń ba tèmi jẹ́!"

"Mo bà á jẹ́ bí? Orúkọ ibẹ̀ ni."

Ọ̀gbẹ́ni Táyọ̀ bọ́ bàtà, ó dúró. Bọ́ọ̀lù kẹta bà á lójúgun. Ó fò sókè, ó bú ẹnìkan tí a kò mọ̀, ó tún padà síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá àgbà mi yí padà sí wa. "Ẹni tó bá lè dúró níbi òmùgọ̀ láìsá, ó lè fẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yìí."

Ọjọ́ tí a ó máa fi rántí rẹ̀ ni ọjọ́ típà. Dídúró de òkun ti sú Àǹtí Búnmi. Ó rán típà yanrìn kan lọ sórí ilẹ̀ náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀. Ó bá wa lẹ́nu eré. Dírẹ́bà fọn fèrè, ó ní òun máa já yanrìn sáàárín. Bàbá àgbà mi rìn lọ síwájú típà náà nínú kóòtù funfun, ó dúró. Ó kàn gbé ìka kan sókè.

Nínú kríkẹ́ẹ̀tì, ìka adájọ́ yẹn túmọ̀ sí pé o ti jáde nínú eré, máa lọ. Ní Bìní, bí i ti Ọ̀wọ̀, bí àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti funfun, tó wọ funfun, bá dúró níwájú rẹ tó na ìka sí ọ̀run láìsọ̀rọ̀, ìtumọ̀ mìíràn ni.

"Papa, abeg!" ni dírẹ́bà kígbe. "No call God for my head! Na madam send me!"

Ìka náà kò yẹ̀. Dírẹ́bà fi ẹ̀yìn rìn dé títì, ó já gbogbo yanrìn sẹ́bàá ọ̀nà, kò sì padà wá gbé e. A fi ṣe ibi ìjókòó. Nígbà tí Àǹtí fi ìbínú pe bàbá àgbà mi lórí fóònù pé ṣé ó ṣépè fún òṣìṣẹ́ òun ni, ó dá a lóhùn pé, "Mi ò ṣépè fún un. Ó jáde ni. Wọn kì í bá ìka jiyàn."

Ó nífẹ̀ẹ́ òfin yẹn ju ohun gbogbo lọ. Lọ́sàn-án tí àwọn onílé pàdánù àṣekágbá ife àgbáyé nínú pápá ńlá Íńdíà yẹn, òun, Màmá, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ságié àti èmi la jọ ká fóònù kan mọ́. Pápá náà kún fún aṣọ búlúù, ariwo rẹ̀ ti fẹ́ fọ́ fóònù láti àárọ̀. Bí ìrètí ṣe ń tán, ariwo náà ń kú, títí a fi ń gbọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kan báàtì. Bàbá àgbà mi ṣí fìlà. "Wò ó, Déọlá. Gbogbo ìlú kan jókòó, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń pàdánù. Níbí, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta kì í pàdánù ìbò alága láìpín sí mẹ́rin."

Màmá ní, "Ẹ jẹ́ kí n ríran." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó wo eré náà nìyẹn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí bàbá àgbà mi fi ayé sílẹ̀, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. "Ẹ má tẹ́ mi sórí Ọ̀pá Méjìlélógún. Ẹ tẹ́ mi sí ààlà, kí n lè máa rí bọ́ọ̀lù tó bá jáde." Mo sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọ-ọmọ nìkan gbọ́, kì í ṣe ìwé ìhágún.

Ìdí rèé tí mo fi bá ihò láàárín. Bàbá mi kò gbẹ́ ẹ láti ṣàìgbọràn. "Bí a bá sin ín sí ààlà," ló sọ fún mi lábẹ́ agboòrùn, "họ́ọ̀lù á ti dúró kí a tó ṣe ogójì ọjọ́. Bó bá wà láàárín, ta ni yóò kọ́lé lé bàbá rẹ̀ lórí?" Láti gba pápá náà là, ó fẹ́ sin ẹni tó ni ín sínú ọ̀fun rẹ̀.

Àǹtí Búnmi dé, ó rí ihò, ó sì di olùgbèjà ìfẹ́ òkú lójijì. "Ààlà ni Bàbá sọ! Déọlá, ṣé kì í ṣe ààlà ló wí?"

"Ààlà ni, Àǹtí."

"Ẹ gbọ́! Ọ̀rọ̀ baba ẹni ni ẹ fẹ́ dà?" Àwòrán họ́ọ̀lù náà wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

Ohùn gòkè. Àwọn agbẹ́lẹ̀ jókòó sétí ihò, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ọ̀gbẹ́ni Táyọ̀, tó ti di ọkọ Àǹtí láti ọdún méjì, bọ́ bàtà, ó lọ dúró síbi òmùgọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo dúró ni. Kí wọ́n kọ́ họ́ọ̀lù náà yí mi ká."

Màmá ló bọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn nínú ọkọ̀, nínú aṣọ opó. Ó rìn wá díẹ̀díẹ̀, ó wo ihò, ó wo àwòrán, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó dúró lẹ́yìn igi mẹ́ta, níbi tí adájọ́ ń dúró sí. Lẹ́yìn náà ló gbé ìka kan sókè.

Àwọn agbẹ́lẹ̀ sọ ẹ̀pà nù, wọ́n kúnlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ságié, tó bá a wá, ṣí fìlà.

"Bọ̀dé, o ti jáde," ni Màmá wí fún bàbá mi. "Dí ihò yìí." Ìka náà yí sí Àǹtí. "Búnmi, ìwọ náà jáde. Ká bébà yẹn."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Wọn kì í bá ìka jiyàn."

A dí ihò náà. A sin ín sí ààlà lápá ìjọ tapólì lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo ti fi ṣéènì rẹ̀ wọn ibẹ̀. Kò sí họ́ọ̀lù. A fi dúrọ́ọ̀mù yí ojú ihò àtijọ́ náà mọ́lẹ̀ títí apá wa fi wó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a ti gbẹ́ kì í le bíi ti tẹ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá kanlẹ̀ níbẹ̀ kì í lọ tààrà mọ́. Á yà bàrá, á sì wó igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹni tó di báàtì mú, onítọ̀hún á sì jáde. Bàbá àgbà mi, tí kò ju bọ́ọ̀lù kan láyé rẹ̀, ti mú ènìyàn mẹ́rin jáde báyìí. Àǹtí Búnmi ni ẹnì kẹta. Èmi ni ẹnì kẹrin, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Mo yí padà láti jiyàn, mo ní ilẹ̀ yẹn kò dọ́gba, gbogbo ayé ló mọ̀.

Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè nínú kóòtù funfun, ìka rẹ̀ ti wà lókè.